Ipa Ìka Lára Ògiri Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 2 Nòfẹ́ńbà 1959

Àtàndá tí ó fẹ́ ra ilé wa tún wá lónìí. Jọ́ọ̀sì ni ó ti ń ṣòwò láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó wá fẹ́ kó ìyàwó àti àwọn ọmọ padà sí Ẹdẹ. Ó jókòó, ó mu omi, ó yin àgbàlá, ó yin kànga, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní sọ̀rọ̀ owó àfi bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ bá òun yẹ ilé náà wò. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan ni ẹni náà, wolé-wolé tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Òṣogbo. Kí Kérésìmesì tó dé ni yóò wá. Bí ó bá rí àbùkù ńlá lára ilé wa, Àtàndá yóò ra èyí tí wọ́n fi hàn án lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà.

Bàbá Ṣọlá ní, "Kí ó máa bọ̀." Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tí a ti sọ pé a ó ta ilé ni ọ̀rọ̀ ti dín kù lẹ́nu ọkọ mi. Ojú wọn ti ṣú pátápátá láti èṣí, orúnkún mi kò sì jẹ́ kí n lè fa omi mọ́. Ṣọlá ọmọbìnrin wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ti kọ́ ilé tirẹ̀ sí Ìbàdàn, ó ní yàrá wa ń dúró dè wá. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ dá a. Ṣùgbọ́n nínú ilé yìí, Bàbá ń rìn fúnra wọn. Wọ́n á jí, wọ́n á lọ wẹ̀, wọ́n á jáde lọ jókòó lábẹ́ igi ọsàn ní ẹ̀yìnkùlé, ẹnikẹ́ni kì í fà wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀rù tí ń bà mí nìyí: kí a máà dé Ìbàdàn kí ọkọ mi di ẹni tí wọ́n ń fà kiri bí ọmọdé.

Ọjọ́rú, 4 Nòfẹ́ńbà

Mo fi ojú wolé-wolé wo ilé mi lónìí, inú mi sì bàjẹ́. Ikán ti jẹ férémù ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Páànù ń jò lókè yàrá tí a ń kó iṣu sí. Adìẹ ti sọ abẹ́ àga di ilé ọkọ. Ti ṣáláńgá, ó di ọjọ́ mìíràn kí n tó sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èyí tí ó tì mí lójú jù ni ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ni mo fi amọ̀ pa á nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, tí oyún Ṣọlá wà nínú mi. Bí ìyá mi ti kọ́ mi ni mo ṣe é: nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, mo fi ìka mẹ́rin fà á lọ láti ẹnu ọ̀nà yàrá títí dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo ìyàwó ló ń ṣe é nígbà náà. Nísinsìnyí ó ti dúdú, ọwọ́ ènìyàn ti mú un dán, bẹ́ẹ̀ ni kò tilẹ̀ lọ tààrà, ó gòkè níhìn-ín, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá rí i yóò ní ará oko ló ń gbé ibẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni màá fi bò ó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Nòfẹ́ńbà

Sìmẹ́ńtì ti wọ́n. Ọládòṣù bíríkìlà dárúkọ iye tí yóò gbà, mo bi í bóyá ààfin ni mo ní kí ó kọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó dín in. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́, mo rò pé òun ló kẹ́yìn lọ́dún yìí. Mo gbé ìkòkò sábẹ́ ibi tí ó ń jò, mo sì ń gbọ́ bí ó ti ń kán bí mo ti ń kọ èyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n ti pààrọ̀ páànù. Káfíńtà tí mo bẹ̀ nítorí férémù kò wá. Nígbà tí Bàbá gbọ́ tí mò ń ráhùn, wọ́n ní, "Káfíńtà wo lo tún ń wá kiri? Èmi ńkọ́?"

Iṣẹ́ káfíńtà rélùwéè ni wọ́n ṣe jẹun kí ojú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mo gbé àpótí irinṣẹ́ wá. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá ibi tí ikán jẹ dé, wọ́n gé e kúrò, wọ́n fi igi tuntun rọ́pò. Èmi ni mo ń di igi mú, mo sì ń gbàdúrà fún ìka mi. Nígbà tí wọ́n kan ìṣó tó kẹ́yìn wọlé, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn wò. Ó pa dé wẹ́kú.

"Ṣé ó fọhùn?"

Mo ní kò fọhùn.

"Ó dáa."

Mo fi ẹran tó tóbi jù sínú ọbẹ̀ wọn lálẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti rí kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Nòfẹ́ńbà

Àwáwù tí ilé wọn kángun sí tiwa wá bá mi pa ilẹ̀ ilé ìdáná. Ó po ìgbẹ́ màálù mọ́ amọ̀, ó ká aṣọ sókè, ó sì ń fi ẹnu ṣe tirẹ̀ bí ọwọ́ ti ń ṣe tirẹ̀.

"Ìyá Ṣọlá, ẹ ẹ̀ rí i pé ẹ ń tún ilé ṣe fún ẹni tó máa lé yín jáde?"

Mo ní ẹnikẹ́ni kò lé mi, èmi ni mò ń lọ.

"Ẹ máa lọ ná. Ta wá ni mo fẹ́ máa bá jà nítorí adìẹ?"

A jọ pa ilẹ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dára púpọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Nòfẹ́ńbà

Bàbá wà ní ìlú Ara lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin láti àná. Èmi ni mo ní kí wọ́n lọ, kí eruku sìmẹ́ńtì má baà gún wọn nímú. Ọládòṣù rẹ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó ń dán, ó tẹ́jú, ó mọ́ bí àwo. A gbé àmù omi kúrò níbi tí ó máa ń dúró, a gbé e sí igun òdìkejì kí ọ̀nà lè gbà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó, mo ní kí wolé-wolé máa bọ̀ wàyí.

Ọjọ́bọ̀, 19 Nòfẹ́ńbà

Bàbá ti Ara dé kí oòrùn tó mú. Wọ́n kí mi, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé ògiri bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n dúró. Wọ́n gbé ọwọ́ náà lọ sókè, wọ́n gbé e wá sílẹ̀, wọ́n tún fi òdì ọwọ́ pa á. Mò ń retí kí wọ́n yìn mí.

Wọ́n ní, "Mojísọ́lá, ta ló gbé ilé mi lọ?"

Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín. Kí n tó sọ ohun kan, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kan, èkejì, wọ́n yà sí ọ̀tún jù, wọ́n sì kọlu àmù. Àmù fọ́, Bàbá ṣubú sínú omi. Àpáàdì rẹ̀ ha wọ́n ní ìgúnpá. Mo fi omi gbígbóná nù ún, mo dì í. Wọn kò bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi wí.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Nòfẹ́ńbà

Bàbá kò jáde nínú yàrá. Wọ́n ní kí n bá wọn gbé póò wá.

Ọjọ́ Ìsinmi, 22 Nòfẹ́ńbà

Wọn kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní màá fà wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo lọ, n kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwàásù. Nígbà tí mo dé, mo jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Ṣọlá, ṣé ẹ ń bínú sí mi ni?"

"Mi ò bínú."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò jáde láti Ọjọ́bọ̀?"

Wọ́n yíjú sí ibi tí mo wà. "Báwo lo ṣe rò pé mo ń rìn nínú ilé yìí?"

Mo ní mo rò pé ó ti mọ́ wọn lára ni.

"Ìka ẹ ni mò ń tẹ̀lé," ni wọ́n wí. "Tí mo bá ti jáde ní yàrá, ibi tó o fi ìka sí ni èmi náà ń fi tèmi sí. Ó ń lọ tààrà, ó wá gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, níbi tó o ti gun àpótí. Tó bá wá kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó sọ̀ kalẹ̀ pátápátá. Ṣé o rántí? Oyún ti wúwo, ẹ̀yìn ń dùn ọ́, o bá jókòó sílẹ̀, o ń fi ìdí wọ́ lọ, o sì ń fa amọ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Tọ́wọ́ mi bá ti kan ibẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti dé ìta."

Mo ti gbàgbé gbogbo rẹ̀. Mo ti gbàgbé àpótí, mo ti gbàgbé ìjókòó, mo ti gbàgbé yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo rí lára ògiri ni ìdọ̀tí. Àṣé láti ìgbà tí ojú wọn ti lọ, èmi ni mò ń mú wọn rìn láràárọ̀, n kò sì mọ̀. Mo sọkún, mo sọkún débi pé àwọn ni wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Nòfẹ́ńbà

Mo ní kí Ọládòṣù wá ha sìmẹ́ńtì náà kúrò. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní sìmẹ́ńtì ti gan, bí òun bá gbẹ́ ẹ, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò wó dání. Ó tún ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní kí n bò ó o." Mo mọ̀ pé èmi ni. Mo ní kí ó máa lọ.

Àwáwù ló gbà mí. Ó ní kí a ṣá sìmẹ́ńtì náà níwọ̀nba, kí a wá fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́ lórí. Amọ̀ pupa ti àdúgbò Alájùe ni ó dára jù, ó ní kì í tètè sán. Ó fẹ́ bá mi fà á, nítorí ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Mo ní rárá, ọwọ́ mi ni yóò jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Nòfẹ́ńbà

A ti ṣe é. N kò gbàgbọ́ pé inú ènìyàn lè dùn tó báyìí nídìí amọ̀.

Àwáwù lẹ amọ̀ lọ bí ọ̀já gbọọrọ lára ògiri sìmẹ́ńtì. Mo ki ìka bọ̀ ọ́. Ìka mi ti wú ju ti ìgbà náà lọ. Bàbá jáde ní yàrá fúnra wọn, wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Bí mo ti ń fà á ni wọ́n ń sọ̀rọ̀.

"Sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ yẹn lo ti dúró mu omi, ó fẹ̀ níbẹ̀."

"Bàbá Ṣọlá, ẹ ń parọ́."

"Fẹ̀ ẹ́ níbẹ̀."

Mo fẹ̀ ẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, wọ́n bá mi wá àpótí, wọ́n di ìbàdí mi mú kí n má baà ṣubú. Àwáwù ní ojú òun kò ní rí èyí tán, ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ìhà ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó sílẹ̀. Orúnkún mi ké, mo fa amọ̀ náà lọ sí ìsàlẹ̀ títí ó fi tán. Àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé mi dìde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo ènìyàn ti là. Amọ̀ náà sán níbi méjì, mo fi omi rẹ́ ẹ. Ọkọ̀ àwọn olóṣèlú ń kọjá pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń pariwo, eruku wọn sì ń bá mi wọ ilé. Bàbá ti ń jáde lọ sábẹ́ igi ọsàn. Ọláníyan ránṣẹ́ pé ó di ẹ̀yìn ìbò kí òun tó wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Dìsẹ́ńbà

A dìbò. Ìlà gùn, oòrùn mú. Èmi ni mo fa Bàbá lọ́wọ́ lọ, tí mo fà wọ́n lọ́wọ́ bọ̀. Nígbà tí a wọlé, wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò nínú tèmi, wọ́n fi í sára ògiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Dìsẹ́ńbà

Ọláníyan gun kẹ̀kẹ́ dé ní àárọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé kákí àti tọ́ọ̀ṣì, bí ẹni pé ìjọba ṣì ń sanwó fún un. Láti àfẹ̀mọ́jú ni mo ti ń gbálẹ̀. Mo ti da omi gbogbo ìkòkò nù, mo ti lé adìẹ jáde, mo ti ba ara mi nínú jẹ́. Bàbá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n mú yín yíká."

Mo rò pé wọn kò ní lè ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n mú un yíká ní tòótọ́, wọ́n lọ síwájú, òun tẹ̀lé wọn. Wọ́n fi férémù hàn án, wọ́n ní àwọn ni àwọn ṣe é. Ó gbá a wò, ó ní iṣẹ́ káfíńtà gidi ni. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí àjà, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yọjú sínú kànga. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, ó gbé àpáàdì àmù tó fọ́ lọ́jọ́sí, èyí tí adìẹ ń mu omi nínú rẹ̀. Tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, ń jó nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo fọ̀, èyí ni mo gbàgbé. Ó wò mí, mo wo ilẹ̀.

Nígbà tí a padà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó dúró lójijì.

"Ìyá, sìmẹ́ńtì tuntun rèé, tó dára. Kí lẹ wá fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́ lórí sí? Ògiri yìí ti sán, ẹ fẹ́ bò ó ni."

N kò tilẹ̀ rò ó rí pé ẹnikẹ́ni lè wò ó bẹ́ẹ̀. Ó fa ọ̀bẹ kékeré yọ nínú àpò, ó fẹ́ fi ha á. Bàbá gbọ́ bí ó ti ṣí ọ̀bẹ náà. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n tẹ́ ẹ lé orí amọ̀ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ha á."

"Bàbá, ẹni tó rán mi máa bi mí."

"Ẹ sọ fún un pé onílé ò ríran. Ìka ìyàwó mi nìyẹn, òun ni mo fi ń rìn."

Ọláníyan yíjú sí mi bí ẹni pé kí n sọ pé irọ́ ni. Ó ti tẹ̀lé Bàbá yí gbogbo ilé ká, kò mọ̀. Ó wo ojú Bàbá dáadáa, ó pa ọ̀bẹ dé. Ó fi egungun ìka gbá ògiri lókè amọ̀ náà àti nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń tẹ́tí sí bí ó ti ń dún, ó ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ohun tí n kò retí. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó di ojú rẹ̀, ó fi ìka sí ipa ìka mi, ó sì ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gòkè pẹ̀lú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó dúró, ó na ọwọ́ síwájú, ó sì kan ilẹ̀kùn.

Ó la ojú. Ó ní, "Ògiri yín ò sán. Ìdérí ṣáláńgá yín ni ò dáa tó. Ẹ ṣe òmíràn, kí ẹ sì da omi adìẹ yẹn nù."

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Dìsẹ́ńbà

Àtàndá mú ìyàwó rẹ̀ Sìmbíátù wá, a sì parí ọ̀rọ̀ náà níwájú àwọn ẹbí méjèèjì. Obìnrin náà jẹ́ onírẹ̀lẹ̀. Ó bi mí bóyá yóò dùn mí bí òun bá fi ọ̀dà kun gbogbo ògiri. Mo ní ilé rẹ̀ ni, kí ó ṣe é bó bá ṣe wù ú. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní parọ́. Bàbá rìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, láti ẹ̀yìnkùlé dé yàrá, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, n kò sì pè wọ́n kí wọ́n wá jókòó.

Ọjọ́ Ajé, 21 Dìsẹ́ńbà

Ìbàdàn. Èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ wọ rélùwéè wá, mo fi Bàbá sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àwáwù àti ọkọ rẹ̀. Akọ̀wé tí ó wà ní ibùdókọ̀ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú agolo tí mo gbé dání.

"Amọ̀ ni."

"Ìyá, ṣé kò sí amọ̀ ní Ìbàdàn ni?"

Mo ní kò sí irú èyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Dìsẹ́ńbà

Èmi àti Ṣọlá jà ní àárọ̀ nítorí amọ̀ tí mo fẹ́ fi sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ọ̀dà tuntun ni mo fi kun ògiri yẹn, àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi ń bọ̀ wá ṣe Kérésì níbí." Ó ní bàbá òun kò nílò amọ̀, òun yóò máa mú wọn lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá fẹ́. Mo ní ohun tí mo ń sá fún gan-an nìyẹn. Mo wá sọ ti ògiri Ẹdẹ fún un, láti ìgbà tí ó wà nínú mi títí dé ọ̀bẹ Ọláníyan. Ó wọ yàrá, ó bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó ró ìró àtijọ́ kan jáde, ó sì gbé ọ̀bẹ ìdáná wá láti ṣá ògiri ara rẹ̀.

A po amọ̀. Mo fà á láti ẹnu ọ̀nà yàrá wa, mo mú un gòkè nígbà tí a dé ilé ìdáná. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo fẹ́ jókòó, orúnkún mi kọ̀ jálẹ̀.

"Màmá, ẹ dúró síbẹ̀," ni Ṣọlá wí. Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ó ki ìka mẹ́rin bọ ibi tí tèmi dúró sí, ó sì fà á lọ sí ìsàlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 24 Dìsẹ́ńbà

Ọkọ Àwáwù mú Bàbá dé lọ́sàn-án. Ó ti rẹ̀ wọ́n, eruku ọyẹ́ bo irun wọn. Ṣọlá kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì dìde láti di ọwọ́ wọn mú. Mo mi orí sí i. Mo kàn mú Bàbá dé ẹnu ọ̀nà yàrá, mo gbé ọwọ́ wọn lé ara ògiri, mo sì jọ̀wọ́ wọn.

Ìka wọn rìn síhìn-ín, ó rìn sọ́hùn-ún, ó rí i. Wọ́n dúró pẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, a sì ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n gòkè nídìí ilé ìdáná. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ọwọ́ wọn sì tún dúró.

"Mojísọ́lá, ìka ẹ kọ́ rèé."

Mo ní, "Ti Ṣọlá ni."

Wọ́n fi ọwọ́ pa ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, bí wọ́n ti máa ń pa orí rẹ̀ nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ṣọlá fi etí ìró bo ojú. Bàbá na ọwọ́ síwájú, wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí i fúnra wọn, wọ́n sì bọ́ síta. A gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń béèrè ibi tí a gbé àga wọn sí.